Jẹ́sì Everton àtijọ́: ẹ wo aṣọ kẹ́ ẹ tó wo sáìnì

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, èmi ò gbà pé sáìnì agbábọ́ọ̀lù ló ń sọ jẹ́sì di iyebíye. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwa tá à ń kó jẹ́sì bọ́ọ̀lù jọ ò ní gbà fún mi, torí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọjà ṣe ń lọ, jẹ́sì tí wọ́n bá ti fi máàkà kọ nǹkan sí lára báyìí, kódà kó jẹ́ tuntun tí ẹnì kankan ò wọ̀ rí, owó ẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo jẹ́sì Everton tó wà nílé mi, àwọn tí mi ò lè tà láyé ni àwọn tí aṣọ fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí sáìnì bá wà lára wọn, ó dáa. Bí ò bá sí, kò bù wọ́n kù rárá.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi á ti mọ ìdí tó fi jẹ́ Everton. Daniel Amokachi, ọmọ Super Eagles, ni. Lẹ́yìn World Cup 1994 tí wọ́n gbá ní Amẹ́ríkà ló kúrò ní Club Brugge lọ sí Goodison Park, pápá Everton, nǹkan ò sì kọ́kọ́ rọgbọ fún un, gólù ò fi bẹ́ẹ̀ wá, ó wá di ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ìgbà tó di April 1995, Everton pàdé Tottenham ní sẹmí-fáínà FA Cup ní Elland Road, Paul Rideout fara pa, wọ́n ṣì ń tọ́jú ẹ̀ lọ́wọ́, kóòṣì wọn, Joe Royle, ò tíì pinnu pé òun fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n tó ṣẹ́jú Amokachi ti wà lórí pápá! Ó jẹ gólù méjì, Everton na Tottenham ní 4-1. Nígbà tó di May wọ́n na Manchester United ní 1-0 ní Wembley, Rideout yẹn náà ló fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, Amokachi náà tún wọlé láti orí bẹ́ńṣì. Jẹ́sì Umbro ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, búlúù, NEC, orúkọ sípọ́ńsọ̀ wọn, gàdàgbà níwájú ẹ̀. Everton ò tíì gba FA Cup tàbí líìgì mìíràn látìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí jẹ́sì yẹn fi wúwo lọ́kàn wa tó báyẹn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ bàbá arúgbó kan ní Liverpool ni mo ti rà á. Replica ni o, irú èyí tí wọ́n ń tà fún èrò ìwòran, kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan tó wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó sáìnì ẹ̀, kọ́là ẹ̀ ti ká sókè, iná sìgá sì ti jó ihò kékeré kan sí apá òsì ẹ̀. Bàbá yìí fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì Wembley mọ́ ọn àti fọ́tò kan tí òun àti àbúrò ẹ̀ yà níta pápá lẹ́yìn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà tán, tẹ́ ẹ bá wo apá òsì ẹ̀ nínú fọ́tò yẹn, ihò yẹn ń bẹ níbẹ̀. Ó ní sìgá ẹni tó wà lẹ́yìn òun ni, pé ìgbà tí Rideout jẹ gólù tí gbogbo èèyàn fò sókè ló jó òun, òun ò tiẹ̀ mọ̀ àfìgbà tí wọ́n jáde síta. Ẹnì kan ti fẹ́ fi jẹ́sì ọdún kan náà tó mọ́ tónítóní, tí agbábọ́ọ̀lù bíi mélòó kan sáìnì, ṣe pààrọ̀ fún mi. Mo ní rárá. Mo mọ ibi tí tèmi wà lọ́jọ́ 20 May 1995. Tiẹ̀, kò mọ ibi tó wà.

Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Jẹ́sì tó bá ní ẹ̀rí lára, ẹ̀rí téèyàn lè fi ojú rí, ni kẹ́ ẹ máa wá.

Kéèyàn tó lè dá ẹ̀rí mọ̀, ó yẹ kó mọ bí jẹ́sì kíláàbù yẹn ṣe rìn. Ọdún 1878 ni Everton bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe búlúù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, tí agbábọ́ọ̀lù tuntun bá dé, jẹ́sì kíláàbù tó ti ń bọ̀ ló máa wọ̀ wá, ọ̀rọ̀ náà wá sú wọn, wọ́n pa gbogbo ẹ̀ láró dúdú, wọ́n sì fi aṣọ pupa dábùú àyà ẹ̀. Wọ́n tún wọ àwọ̀ osùn tó ṣí díẹ̀, wọ́n wọ oríṣiríṣi, ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 kí wọ́n tó jókòó ti búlúù tá a mọ̀ wọ́n mọ́ lónìí. Ìdíje àṣekágbá FA Cup ti 1933 wà nínú ìtàn jẹ́sì gbogbo ayé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn jẹ́sì ní fáínà, Everton gba 1 dé 11, Manchester City gba 12 dé 22. Búlúù làwọn méjèèjì ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, torí náà ni wọ́n ṣe pààrọ̀, Everton wọ funfun, City wọ pupa. Dixie Dean ló wọ 9. Dean tó jẹ gólù 60 ní líìgì ní sáà 1927-28! Everton na City ní 3-0, Dean sì wà lára àwọn tó jẹ gólù. Tí ẹnì kan bá wá gbé jẹ́sì búlúù wá pé ó jẹ́ ti Dean ní Wembley 1933, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Títí di àárín àwọn ọdún 1970, àgbàlagbà tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù kì í wọ jẹ́sì kíláàbù ẹ̀, sìkáàfù ni wọ́n ń wé mọ́rùn. Ìgbà tí Admiral, ilé iṣẹ́ tó ń rán jẹ́sì, àti Leeds United bẹ̀rẹ̀ sí í ta replica ni nǹkan yí padà, gbogbo kíláàbù wá tẹ̀ lé e. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé mo máa ń rí ibi tí wọ́n ti ń polówó jẹ́sì ńlá ti àgbàlagbà pé èrò ìwòran kan ló wọ̀ ọ́ lọ sí fáínà 1966, èyí tí Sheffield Wednesday fi 2-0 ṣíwájú kí Everton tó yí i padà sí 3-2. Bọ́ọ̀lù yẹn dùn, àmọ́ jẹ́sì yẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, Score Draw tàbí Toffs ló rán an, àwọn tó ń ṣe jẹ́sì àtijọ́ ní tuntun, aṣọ tó dáa náà ni, mo ní tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ 1966.

Ọdún 1979 ni sípọ́ńsọ̀ kọ́kọ́ dé iwájú jẹ́sì Everton, Hafnia, ilé iṣẹ́ ẹran inú agolo láti Denmark. Ibi tó dùn nínú ẹ̀ rèé: títí di 1983, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí wọ́n gbé orúkọ sípọ́ńsọ̀ sára jẹ́sì nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn, torí náà èyí tí ò ní nǹkan kan níwájú ni wọ́n máa wọ̀ tí kámẹ́rà bá ń bọ̀. Èèyàn á rí jẹ́sì ọdún yẹn tó mọ́ lórí láú, á rò pé wọ́n ti ṣí sípọ́ńsọ̀ ẹ̀ kúrò, á kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù níwájú gbogbo ìlú ni. Ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà kẹ́ ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, tí sípọ́ńsọ̀ bá ti wà níbẹ̀ rí, ojú ẹ̀ á hàn, ara aṣọ ò lè rí bákan náà.

Lẹ́yìn Hafnia ni NEC, láti 1985 títí dé 1995. Le Coq Sportif ló rán aṣọ wọn nígbà tí Howard Kendall, kóòṣì wọn, gba líìgì ní 1985, tó tún na Rapid Vienna ní 3-1 ní Rotterdam gba Cup Winners' Cup. Sáà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé èyí tó ní funfun ńlá ní àyà jáde, ọ̀pọ̀ èrò ò fẹ́ràn ẹ̀ nígbà náà. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Gary Lineker jẹ gólù 30 ní líìgì nínú jẹ́sì yẹn, ọdún kan péré ló lò níbẹ̀ kí Barcelona tó wá gbé e lọ, Everton ò sì gba ife ńlá kankan lọ́dún náà, Liverpool ló gba líìgì, Liverpool ló tún nà wọ́n ní 3-1 ní fáínà FA Cup. Jẹ́sì ọdún tí kò sí ife ńlá, síbẹ̀ ó wà lára àwọn replica ìgbà yẹn tó wọ́n jù, ojúlówó ẹ̀ tó ṣì dáa lè ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ dáadáa.

Ẹ wá jẹ́ á sọ̀rọ̀ orúkọ ẹ̀yìn jẹ́sì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Sáà 1993-94 ni Premier League bẹ̀rẹ̀ sí í fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí á máa lò títí sáà á fi parí, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ lókè ẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, 1 dé 11 ni, ẹni tó bá gbá lọ́jọ́ náà ló ni ín, kò sórúkọ. Torí náà jẹ́sì líìgì Lineker 1986 tí wọ́n kọ LINEKER sẹ́yìn ẹ̀, kò sírú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà 8 tí kò lórúkọ, ó lè jẹ́ tiẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí òun ò gbá.

Lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ náà kì í dúró sójú kan. Premier League yí i padà ní 1997, wọ́n tún yí i ní 2007, wọ́n yí i ní 2017, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Ẹ há a sórí, á yọ yín lọ́wọ́ ayédèrú tó pọ̀. Àpẹẹrẹ rèé. Joseph Yobo dé Everton ní 2002, torí náà àwọn jẹ́sì líìgì ẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà 1997 ló yẹ kó wà lára wọn. Yakubu ní tiẹ̀, August 2007 ló dé láti Middlesbrough, owó tó lé ní mílíọ̀nù 11 pọ́n-ùn, kò sí ẹni tí Everton ra tó o rí nígbà náà, ó sì jẹ gólù 21 ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, mẹ́ta nínú wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n na Fulham. Oṣù tó dé yẹn gan-an ni lẹ́tà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i? Kò sí bí jẹ́sì líìgì Yakubu ní Everton ṣe máa ní lẹ́tà àtijọ́. Níbi ọjà jẹ́sì kan tí wọ́n máa ń kó jọ lópin ọ̀sẹ̀, mo rí YAKUBU 22 kan báyìí, lẹ́tà 1997 fàlàlà lẹ́yìn ẹ̀, ọkùnrin tó ń tà á ń búra pé inú yàrá agbábọ́ọ̀lù ló ti jáde, sáìnì wà lára ẹ̀, sátífíkéètì wà pẹ̀lú. Mo fi hàn án lórí fóònù mi bí lẹ́tà sáà yẹn ṣe rí. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣèèṣì lo èyí tó ṣẹ́kù. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ní ti jẹ́sì tí agbábọ́ọ̀lù wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní tòótọ́, ohun tó lágbára jù níbẹ̀ ni fọ́tò. Ẹ máa wá fọ́tò ọjọ́ yẹn tó tóbi, kẹ́ ẹ wo ibi tí nọ́ńbà ti pàdé ìlà aṣọ, bí báàjì ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí okùn ti yọ, ibi tí wọ́n ti rán an padà, torí ọwọ́ èèyàn ló ń lẹ nọ́ńbà mọ́ jẹ́sì, méjì kì í sì í bára mu tán. Irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún jẹ́sì tí Maradona wọ̀ fi na England ní 1986, èyí tí òun àti Steve Hodge fi ṣe pààrọ̀. Àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ pé bóyá ti ìdajì àkọ́kọ́ ni, pé kì í ṣe èyí tó wọ̀ nígbà tó jẹ gólù méjèèjì, fọ́tò ni wọ́n fi yanjú ẹ̀, jẹ́sì náà sì lọ ní mílíọ̀nù 7.1 pọ́n-ùn níbi gbàǹjo Sotheby's ní 2022. Kò sí sáìnì Maradona tó lè gbé jẹ́sì dé ibẹ̀. (Mẹ́rin nínú àwọn tó bá England lọ sí World Cup yẹn, Everton ni wọ́n ti wá: Lineker, Peter Reid, Trevor Steven àti Gary Stevens.)

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra èyí tí wọ́n sáìnì o. Mo ní wọn, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi aṣọ léèrè ọ̀rọ̀ kí sáìnì tó fọ́ yín lójú. Èyí tó rọrùn jù ni ọjọ́: Alan Ball, agbábọ́ọ̀lù Everton àtijọ́, kú ní 2007, Howard Kendall kú ní 2015, torí náà tí sáìnì Ball bá wà lórí jẹ́sì tí wọ́n ṣe ní 2010, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rí nìyẹn. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì inú ọrùn ẹ̀, òun ló máa sọ ọjọ́ orí aṣọ. Tí wọ́n bá ní gbogbo tíìmù ló sáìnì ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé wọ́n jọ wà níbẹ̀ lóòótọ́? Jẹ́sì Kejian, ilé iṣẹ́ fóònù láti Ṣáínà, 2002 sí 2004 ni, òun ni Rooney wọ̀ nígbà tó jẹ gólù yẹn sáwọ̀n David Seaman, gólì Arsenal, ní October 2002, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Tim Cahill dé láti Millwall lẹ́yìn ìgbà yẹn, ní 2004. Ó lè sáìnì ẹ̀ nígbà tó bá yá, kò burú, àmọ́ ẹni tó bá ní inú yàrá kan náà ni Cahill àti àwọn yòókù ti sáìnì ẹ̀ ní 2003, irọ́ ló ń pa. Ẹ fọwọ́ kan yíǹkì náà pẹ̀lú. Máàkà gidi máa ń wọnú òwú, ó máa ń tàn díẹ̀ ní etí, ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ á dúdú ju ibi tó ti sáré lọ. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, bákan náà ni látòkè délẹ̀, kò sí ibi tí ọwọ́ ti dúró.

Sátífíkéètì, pépà ni. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́. Tó bá wá láti ọ̀dọ̀ kíláàbù fúnra ẹ̀, tàbí fọ́tò tí agbábọ́ọ̀lù ti ń sáìnì aṣọ yẹn gan-an bá wà, ìyẹn yàtọ̀.

Lórí búlúù Everton, máàkà dúdú kì í hàn dáadáa, ọ̀pọ̀ ló ń lo sílífà, sílífà sì máa ń hó kúrò tó bá pẹ́, ibi tó dáa jù ni orí nọ́ńbà funfun ẹ̀yìn. Oòrùn ni ọ̀tá wọn. Ẹ má gbé e kọ́ iwájú fèrèsé láéláé, dúdú á di pọ́pù láàárín ọdún díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi sí fíréèmù, ẹ ní kí wọ́n lo gíláàsì tó ń dènà ìtànṣán oòrùn, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ àti òwú díẹ̀ ló dáa. Èyí tí kò sí ní fíréèmù, èmi kì í fi háńgà kọ́ ọ, ó máa ń fa èjìká, ńṣe ni mo máa ń tẹ́ ẹ sínú àpótí, pépà tí kò ní ásíìdì láàárín, kí ìṣẹ́po má bọ́ sórí sáìnì tàbí sípọ́ńsọ̀. Sípọ́ńsọ̀ àwọn ọdún 1980 tó rí múlọ́múlọ́ yẹn máa ń ya tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Replica tó dọ̀tí, omi tútù, ọwọ́, ẹ yí inú ẹ̀ síta, má ṣe fi áyọ́ọ̀nù kan sípọ́ńsọ̀. Èyí tí wọ́n wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ẹ má fọ̀ ọ́! Ẹrẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí yín.

Iye owó náà, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó máa já sí. Ẹ wo Ademola Lookman. January 2017 ló dé láti Charlton, ó wọlé ní ìparí bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Manchester City, ó jẹ gólù kẹrin nínú 4-0, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ jẹ́sì yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́, ó lọ sí Leipzig ní 2019, kò sẹ́ni tó ń wá jẹ́sì Lookman ní Everton, mo sì ra èyí tó wà lọ́wọ́ mi ní owó pọ́ọ́kú torí pé ọmọ wa ni. Ó wá di May 2024, ó jẹ gólù mẹ́ta sáwọ̀n Leverkusen fún Atalanta ní fáínà Europa League ní Dublin, wọ́n sọ ọ́ di agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà lọ́dún náà, àwọn tó ti kọ̀ ọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn agbábọ́ọ̀lù kan, ẹ ra tiẹ̀ nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń wò ó. Èmi ti kó Iwobi jọ, mo ti kó Anichebe jọ.

Gbogbo èèyàn tún ti ń sáré báyìí látìgbà tí tíìmù àwọn ọkùnrin ti kúrò ní Goodison, tí wọ́n lọ sí pápá tuntun ní Bramley-Moore Dock. May 2025 ni wọ́n gbá èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀, 2-0 pẹ̀lú Southampton, Ndiaye jẹ méjèèjì, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 130 tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ yẹn. Ohunkóhun tó bá ní orúkọ Goodison lára ni wọ́n ń rà. Tíìmù àwọn obìnrin ti wọ ibẹ̀, ẹ má gbàgbé jẹ́sì tiwọn náà, ẹni tó bá gbọ́n á ti máa kó o jọ, owó ẹ̀ kò tíì gun òkè.

Èmi ò sí nínú eré yẹn. Èyí tí mò ń wá ní tèmi ni Umbro ti 1979 sí 1983 tí iwájú ẹ̀ ṣófo, èyí tí wọ́n ń wọ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, apá gígùn, nọ́ńbà yòówù kó ní lẹ́yìn, àyà ẹ̀ tí kò sí ojú àpá sípọ́ńsọ̀. Tí ó bá ní fọ́tò tàbí tíkẹ́ẹ̀tì tó bá a rìn, mo ṣe tán láti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbikíbi ní England láti lọ wò ó.